Ìdánwò tó dé bá wa níbi iṣẹ́ àti lọ́jà: ẹ wá sọ tiyín

Abẹ́rẹ́_Olókùn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lánàá, Mátíù orí 4 la kà, ibi tí Bìlísì ti dán Jésù wò ní aginjù. Gbogbo wa ló dáhùn ìbéèrè dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ ní kí kálukú sọ èyí tó dé bá òun fúnra rẹ̀, ṣe ni ilé pa lọ́lọ́. Mo fẹ́ ká sọ ọ́ níbí. Mi ò bèèrè ìwàásù o, mi ò sì bèèrè ti aládùúgbò yín. Kí ló dé bá yín, kí lẹ sì ṣe?

OníPOS_Mushin:
Tèmi ò gùn. Obìnrin kan wá gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi. ₦5,100 ló yẹ kó fi ránṣẹ́ sí mi látorí fóònù rẹ̀, torí ọgọ́rùn-ún náírà lowó iṣẹ́ mi. Mo rí àlẹ́ẹ̀tì, mo ka owó fún un, ó lọ. Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa, ₦51,000 ló wọlé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ń retí owó. Mo mú orúkọ tó wà lórí àlẹ́ẹ̀tì, mo bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò, títí mo fi rí ẹni tó mọ ilé wọn. Mo dá owó tó lé padà fún un.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ìyẹn ò le tó ohun tí à ń pè ní ìdánwò. Tí obìnrin náà bá dé báńkì, wọ́n á ti àkáǹtì yín pa ni.

OníPOS_Mushin:
Àbúrò, ọ̀rọ̀ báńkì ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ẹ." A ṣì gbàdúrà owó ilé ìwòsàn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ká ní ohùn tó ní kí n jalè ni, ǹ bá ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èyí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni.

Alàgbà_Ìjọ:
Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lo sọ yẹn. Ẹ padà wo Mátíù 4 ẹsẹ 6. Sáàmù 91 ni Bìlísì kà fún Jésù lórí tẹ́ńpìlì, Sáàmù tí púpọ̀ nínú wa ń kà ká tó sùn. Ìlérí Ọlọ́run gan-an ló mú wá. Jésù ò sì bá a jiyàn pé ẹsẹ náà kò sí. Deutarónómì ló fi dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá rò pé gbólóhùn Bíbélì ò lè ti ẹnu ìdánwò jáde, kó tún orí yẹn kà.

Akọrin_Tẹ́nọ̀:
Ojú ni tèmi. Jóòbù 31:1, ibi tó ti bá ojú ẹ̀ dá májẹ̀mú nípa wúńdíá. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Èjìré:
O ṣeun tó o mọ ibi tó yẹ kó o dúró, ọmọ mi.

Ìyá_Onígàrí:
Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi ní sùúrù.

Gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ni mò ń tà n'Ìbàdàn níbí, kóńgò la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ti ra gàrí rí á mọ̀ pé kóńgò ò dọ́gba. Àwọn kan á gbé tiwọn lọ bá àwọn tó ń lu páànù, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn lu ìdí ẹ̀ wọnú. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó látòkè, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ ni ẹ máa tó rí i pé ìdí ẹ̀ ti wú sókè. Oníbàárà ò sì ní láǹfààní láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí orí òkìtì gàrí ló máa ń wà, gàrí kì í sì í tán nínú ẹ̀. Wọ́n á bù ú kí ó ga gegere, wọ́n á fọwọ́ yí i ká kó má dà nù, wọ́n á tún bu èènì lé e. Èènì yẹn ló ń múnú oníbàárà dùn, tó fi ń gbàdúrà fún wọn. Gàrí tí wọ́n ti yọ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń bù fún un lókè.

Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọjà tó kù lọ́wọ́ mi ò tó nǹkan. Obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jà gbé kóńgò kan wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òun ti bá mi lù ú, kí n máa fi gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó yé yín o: kì í ṣe ọ̀tá ló mú un wá. Ẹni tó bá mi sunkún nígbà ìsìnkú ni, ẹni tó ń bá mi tajà nígbà tí mi ò lè dìde nílé. Mo gbé kóńgò náà sábẹ́ tábìlì. Mi ò lò ó, mi ò sì dá a padà. Tí ọjà bá ti dá, màá jókòó, màá máa ṣírò ohun tó lè yọ nínú àpò gàrí kan.

Ẹni tó ń fi kóńgò tó pé tajà kò lè tà á ní iye tí àwọn yòókù ń tà á. Wọ́n á bi mí pé èló ni, màá sọ, wọ́n á ní ẹnìkejì mi ń tà á ní iye tó dín sí i, wọ́n á kọjá. Wọn kì í bèèrè bí kóńgò ṣe rí.

Nígbà tó yá, mo dá a padà fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú bí i. Ó ní mo ń fi hàn pé òun ò mọ Ọlọ́run. Ọdún yẹn le. Ọmọ mi àgbà jókòó sílé fún sáà kan nítorí owó iléèwé. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àwọn oníbàárà ya wá.

Abẹ́rẹ́_Olókùn:
Mọ́mì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìrora náà o.

Àjíhìnrere:
Ògo fún Olúwa! Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ ò tíì parí ẹ̀rí náà. Báwo ni Olúwa ṣe wá san án padà fún yín?

Ìyá_Onígàrí:
Ọmọ mi, mo ti parí ẹ̀. Mo ṣì ń ta gàrí, kóńgò mi sì pé.

Aṣètọ́jú_Leeds:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Àjíhìnrere, ṣé dandan ni kí gbogbo ẹ̀rí parí sí mọ́tò tuntun ni? Ohun tó ń lé àwọn míì sá nìyẹn. Wọ́n á ṣe òótọ́, mọ́tò ò ní dé, wọ́n á rò pé Ọlọ́run ò rí wọn.

Èmi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn níbí, láti ilé kan sí èkejì. Bàbá kan wà tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ní kí n máa lò lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọn kì í sanwó fún wa lórí àkókò tí a fi ń rìn láti ilé kan dé òmíràn, nítorí náà gbogbo ọjọ́ la ń pẹ́. Tí mo bá fún bàbá lóúnjẹ àti oògùn, tí mo jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo sì kọ ìdajì wákàtí sílẹ̀, bàbá ò ní rántí. Ọmọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í ni. Nígbà míì a ò ní sọ nǹkan kan, a óò jọ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ẹ̀bùn kankan nítorí ẹ̀.

Àjíhìnrere:
Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́tò o, àbúrò. Ẹni tó bá gbin nǹkan sì gbọ́dọ̀ kórè, Gálátíà 6:7 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Aṣètọ́jú_Leeds:
Mo gbà. Ẹ ka ẹsẹ 9 mọ́ ọn, ó ní "nígbà tí àkókò bá dé". Kò sọ pé kí sáà iléèwé tó parí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Mo fẹ́ bèèrè nǹkan lórí kóńgò yìí, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé wọ́n ń lù ú. Oníbàárà mọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á ti bá bí kóńgò ṣe kéré mu. Tí gbogbo èèyàn bá mọ̀, ta ni wọ́n wá rẹ́ jẹ? Mo rí i bí àṣà ọjà lásán ni.

Abẹ́rẹ́_Olókùn:
Tí gbogbo èèyàn bá mọ̀, kí ló dé tí wọn kì í gbé e lófìfo níwájú oníbàárà?

OníPOS_Mushin:
Ó parí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Kò parí o. Ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn: ìyá opó tó ń fi kóńgò tó pé tajà, tí ọmọ ẹ̀ sì jókòó sílé, ta ló ràn lọ́wọ́ nínú ìjọ? A fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ta ló ra gàrí lọ́wọ́ wọn?

Ìyá_Èjìré:
Ọmọ yìí sọ òdodo níbẹ̀ yẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Alàgbà_Ìjọ:
Ó dùn èmi náà. Màá padà sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ti àṣà ọjà, ẹ ka Ámósì 8:5. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ísírẹ́lì ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè parí kí wọ́n lè ta ọkà, kí wọ́n sọ éfà di kékeré, kí wọ́n sì sọ ṣékélì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn owó, di ńlá. Éfà ni wọ́n fi ń wọn ọkà nígbà yẹn, kóńgò tiwọn nìyẹn. Ó ti di àṣà ọjà lọ́jọ́ wọn náà. Tálákà ni wòlíì náà sì sọ pé ó ń jìyà ẹ̀. Olówó ń ra odindi àpò, kóńgò ò kàn án. Ẹni tó ń ra kóńgò kan ṣoṣo ni ìdí kóńgò ń gé jẹ.

Ìyá_Èjìré:
Ẹ̀yin ará, èmi gbé kóńgò tèmi lọ sọ́jà rí! Wọ́n ní kí n gbé e padà lọ fi ra ọjà nílé ìyá mi.

Aṣètọ́jú_Leeds:
Mọ́mì, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi 😂

Akọrin_Tẹ́nọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òmíràn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó la wà. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà lójú ọ̀nà ibiṣẹ́ mi. Mo ti kọ́kọ́ ń kọjá níbẹ̀, mò ń gbàdúrà bí mo ṣe ń kọjá. Ní báyìí mi ò gba ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà, ó sì jìn gan-an. Mo yọ áàpù wọn kúrò lórí fóònù mi pẹ̀lú.

Àjíhìnrere:
Arákùnrin, gba ọ̀nà ẹ kọjá pẹ̀lú ìgboyà! Jákọ́bù 4:7 ní ká kọ ojú ìjà sí Bìlísì, yóò sì sá fún wa. Òun ló yẹ kó sá, kì í ṣe ìwọ ọmọ Ọlọ́run.

Abẹ́rẹ́_Olókùn:
Jóṣẹ́fù ńkọ́? Ó sá tó fi aṣọ sílẹ̀.

Àjíhìnrere:
Obìnrin ni ti Jóṣẹ́fù. Tẹ́tẹ́ kì í di èèyàn láṣọ mú.

Akọrin_Tẹ́nọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ó ń di èèyàn mú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀.

Alàgbà_Ìjọ:
Ìwé Mímọ́ sọ méjèèjì. 1 Kọ́ríńtì 6:18 ní ká sá fún àgbèrè, 2 Tímótì 2:22 ní ká sá fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ìgbà èwe. Jákọ́bù náà ò sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ yẹn pẹ̀lú ìjà: ó ní ká kọ́kọ́ tẹrí ba fún Ọlọ́run. Ọmọkùnrin tó gba ẹ̀yìn ọjà ti tẹrí ba. Lójú tèmi, ìjà ló ń jà.

Ìyá_Èjìré:
Gba ẹ̀yìn ọjà lọ jàre, ọmọ mi. Bí bàtà bá jẹ, a ó ra òmíràn fún ẹ.

Akọrin_Tẹ́nọ̀:
Ẹ ṣé, mà. Lúùkù 4:13 ló ń bà mí lẹ́rù, ibi tó ti sọ pé Bìlísì fi Jésù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tèmi, tí owó oṣù bá ti wọlé báyìí ló ń padà wá. Oníṣòwò tó mọ ọjọ́ ọjà ni.

OníPOS_Mushin:
Lọ́jọ́ tówó bá wọlé, pè mí. Mi ò ní wàásù. A kàn máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láìta tẹ́tẹ́.

Ìyá_Èjìré:
Ìyá Onígàrí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa tó ń ta ìrẹsì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lu kóńgò ẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó lọ gba ṣéńjì fún mi. Òun ló ń darí àdúrà wa. Ṣé kí n sọ fún pásítọ̀ ni?

Alàgbà_Ìjọ:
Mátíù 18:15, ìyá. Ìwọ àti òun nìkan ná.

Ìyá_Onígàrí:
Ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Ó lè jẹ́ gbèsè àjọ ló wà lọ́rùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látorí kóńgò, kò ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Kí wọ́n kúkú ra síkéèlì, kí ìjà yìí parí.

Ìyá_Onígàrí:
Mo rà á. Ó wà nílé. Oníbàárà ò gbà á gbọ́: tí mo bá ní kílò kan, wọ́n á ní kóńgò mélòó nìyẹn. Wọ́n ní òyìnbó ló ń fi ẹ̀rọ rẹ́ni jẹ.

Abẹ́rẹ́_Olókùn:
Mọ́mì, ibo ni ìsọ̀ yín wà? Ìbàdàn lèmi náà wà.

Ìyá_Onígàrí:
Màá fi ránṣẹ́ sí ẹ ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò fẹ́ dárúkọ ọjà níbí nítorí obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀. A ṣì jọ ń jókòó tira wa, òun ló sì bá mi tajà lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ara mi ò yá.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mà. Kóńgò èlùbọ́ méjì, màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò tíì gbà lórí ọ̀rọ̀ iye owó yẹn ṣá o.