Pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́, ṣé àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ ni?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ káàárọ̀ o. Mo bá ọ̀gá mi lọ s'Ékòó lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wá gba Kakawa kọjá, mo rí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Water House, ẹnu yà mí, ó jọ pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá mi bí ẹni pé bíríkìlà kan náà ló kọ́ méjèèjì. Fèrèsé onígi, òdòdó lára òpó, bákónì níwájú, gbogbo ẹ̀. Ṣé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé yẹn, dé Èkìtì ni? Bàbá mi kékeré fẹ́ ká lẹ táìsì síwájú ẹ̀ ká sì fi wíńdò àlùmíníọ̀mù sí i, mi ò mọ ohun tí màá sọ nípàdé ẹbí.

Bàbá Adó
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ni ilé Kakawa yẹn o, Esan da Rocha. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ní kékeré, ó padà wálé, ó sì kọ́lé nígbà tí Queen Victoria ṣì wà lóyè. Kànga tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ló fa orúkọ yẹn, wọ́n ń ta omi ẹ̀ fún ará Èkó, torí ọdún 1915 ni omi ẹ̀rọ Ìjù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Candido ọmọ ẹ̀ ló wá di olówó tí gbogbo ìlú ń pè ní mílíọ́nìà.
Tiyín ò ní dàgbà tó yẹn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Àgùdà, àti ọmọṣẹ́ àwọn yẹn náà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí wọ ìlú òkè, nígbà tí owó kòkó sì dé, kò sí bọ̀rọ̀kìnní tí ò fẹ́ ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì olódòdó.

Bíríkìlà Àtijọ́
Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ há ògiri yẹn díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Tó bá jẹ́ amọ̀ ló wà nínú, ẹ gbàgbé táìsì. Sìmẹ́ńtì líle á sé omi mọ́nú amọ̀, lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan á gbé ògiri dání já bọ́. Wíńdò yẹn ńkọ́, wọ́n á gé ògiri kó tó wọlé, òkè fèrèsé á sì la. Páànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ilé amọ̀ tí ò bá ti jò, ó lè bá ọmọ-ọmọ yín.

Ìyá Ìbejì
Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan l'Ékòó ńkọ́, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun àjogúnbá ni ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ náà, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére nì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ó lọ hàn níbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò padà wálé mọ́, British Museum ló wà títí dòní. Ẹ tún fẹ́ fọwọ́ ara yín ba èyí tó kù jẹ́ 😂

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ o 😂. Mo ti há ògiri. Amọ̀ ni, kódà koríko wà nínú ẹ̀. Páànù sì ń jò lápá yàrá ìyá àgbà, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, tí bàbá mi kékeré bá gbà.