Báwo la ṣe ń ṣírò iye obìnrin tí jẹjẹrẹ yóò mú, àti iye tí yóò pa, ní Nàìjíríà títí di 2040?

Ìbéèrè: Olùṣàyẹ̀wò_Iye

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ìṣirò ìlera. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó ń béèrè àfojúbù iye obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn àti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ yóò mú ní Nàìjíríà láti 2025 dé 2040, pẹ̀lú iye tí yóò kú. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ti GLOBOCAN, àfojúbù iye jẹjẹrẹ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ ọyàn: 28,380 ní 2020, 32,278 ní 2022. Ẹnu ilé ọmọ: 12,075 ní 2020, 13,676 ní 2022, ikú rẹ̀ jẹ́ 7,968, lẹ́yìn náà 7,093. Mo fẹ́ fa ìlà láti ojú àmì méjèèjì lọ sí 2040 nínú Excel. Ṣé ó bójú mu? Bí kò bá bójú mu, kí ni kí n wá, ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì 1: Ìdí_Iye

Ẹ má fa ìlà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa bí. Bí ìlà náà bá lọ tààrà, jẹjẹrẹ ọyàn á ń fi 1,949 lé sí i lọ́dún, á sì di nǹkan bí 67,360 ní 2040. Bí ẹ bá fi àlékún ọdún méjì yẹn ṣe èlé orí èlé, ìyẹn bí ìdá 6.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, á lé ní 100,000. Àmì méjì kan náà ló bí ìdáhùn méjèèjì o. Èyí tó tún burú jù ni ti ikú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ: ìlà yín á fi 437 àti àbọ̀ dín in kù lọ́dọọdún, kò sì ní ku obìnrin kan tí àrùn yẹn á pa nígbà tó bá fi di 2039. Ẹ wá bi ara yín pé ta ló wo wọ́n sàn.

Ìdí ni pé kì í ṣe pé ẹnì kan ka aláìsàn ní 2020, tó tún padà wá kà wọ́n ní 2022. Àfojúbù ni iye méjèèjì. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon, ló ń ṣe GLOBOCAN; wọ́n máa ń gba òṣùwọ̀n (iye aláìsàn tuntun nínú 100,000 ènìyàn lọ́dún) láti inú rẹ́jísítírì (ibi tí a ti ń kọ orúkọ gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ agbègbè kan sílẹ̀) díẹ̀, èyí tí wọ́n ti kó jọ ní ọdún tó ti kọjá, wọ́n á wá fi ṣe ìṣirò fún gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè. Láàárín ìtẹ̀jáde kan sí èkejì, rẹ́jísítírì tí wọ́n lò lè yàtọ̀, ọdún tí wọ́n mú nínú rẹ̀ lè yàtọ̀, iye ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ ìpín náà sì lè yàtọ̀. IARC fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má fi ìtẹ̀jáde kan wé òmíràn láti fi sọ pé àrùn ń pọ̀ tàbí pé ó ń dín kù. Ẹ mú 2022 nìkan ṣe ìpìlẹ̀.

Èsì 2: Ọmọ_Rẹ́jísítírì

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí ẹ máa wá ni òṣùwọ̀n àrùn ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí ọdún márùn-ún márùn-ún, àti iye obìnrin tí a retí ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún títí di 2040. Ti iye ènìyàn kò le: àtẹ World Population Prospects 2024 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní gbogbo rẹ̀, ẹ mú èyí tí wọ́n pè ní medium.

Iṣẹ́ gan-an wà nídìí òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ní rẹ́jísítírì kan kọ obìnrin 120 sílẹ̀ láàárín ọdún 5, ọjọ́ orí gbogbo wọn jẹ́ 45 sí 49, jẹjẹrẹ ọyàn ló mú wọn. Bí obìnrin ọjọ́ orí yẹn ní agbègbè náà bá jẹ́ 40,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ọdún márààrún jẹ́ 200,000. Ẹ fi 200,000 pín 120, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 100,000: òṣùwọ̀n yín jẹ́ 60 nínú 100,000. Ká tún ní orílẹ̀-èdè máa ní 6,000,000 irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ẹ ń wò, aláìsàn tuntun jẹ́ 3,600. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá ro ó pọ̀. (Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí.)

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Èyí tó léwu jù ni 40,000 yẹn. Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn wáyé ní 2006, gbogbo iye ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń lò láti ìgbà náà sì jẹ́ àfikún tí a ń fi ojú bù lé e lórí. Bí ìlú bá ti gbòòrò tí obìnrin náà sì ti di 50,000, òṣùwọ̀n tòótọ́ jẹ́ 48, kì í ṣe 60, aláìsàn tí ẹ ń retí á sì wálẹ̀ sí 2,880. Àṣìṣe kan ṣoṣo, 720 obìnrin, nínú ìsọ̀rí kan.

Èkejì ni àdírẹ́sì. Rẹ́jísítírì Ìbàdàn tó wà ní UCH láti 1960 ni àgbà gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá máa ń fa aláìsàn láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó wá láti Kwara, tó fi ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn sílẹ̀ bí àdírẹ́sì, wọ inú iye òkè (aláìsàn), kò sì sí nínú iye ìsàlẹ̀ (olùgbé agbègbè). Ibi tó ń gbé láti bí ọdún kan ni kí ẹ lò, kì í ṣe ibi tó dé sí.

Ẹni tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ju ún nù. Bí aláìsàn 600 bá wà, tí a kò mọ ọjọ́ orí 30 nínú wọn, ẹ fi 570 pín 600, ẹ fi 1.053 tó bá jáde sọ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ló máa ń ní “àádọ́ta ọdún ni mí” tàbí “ọgọ́ta”, tí 50–54 á wú, tí 45–49 á rù. Ìsọ̀rí ọlọ́dún mẹ́wàá ń tún ìyẹn ṣe díẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ASR, òṣùwọ̀n tí wọ́n ti fi àwùjọ àgbáyé tún ṣe. Mo máa ń rí iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ASR sọ iye gbogbo obìnrin Nàìjíríà di púpọ̀. Nínú àwùjọ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n yẹn, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ tí kò tíì pé 15, ìdá 7 sì ni ẹni 65 lọ sókè. Ọmọdé pọ̀ ní tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà sì kéré. Iye tó bá jáde á ga ju òótọ́ lọ dáadáa.

Èsì 3: Ìdí_Iye

Ó ku ọ̀rọ̀ pé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ń yí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é bíi pé kò yí rárá, kí ẹ lè mọ ohun tí pípọ̀ àti dídàgbà ènìyàn nìkan ń fà. Ìyẹn gan-an ló sábà máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi ìyípadà kún un. Ọdún 18 ni láti 2022 dé 2040: ìdá 2 lọ́dún á sọ òṣùwọ̀n di ìlọ́po 1.43, ìdá 5 á sọ ọ́ di 2.41. Ẹ rí bí ìdá kékeré ṣe ń di ńlá.

Nordpred, irinṣẹ́ àfojúbù jẹjẹrẹ tí àwọn ará Norway ṣe fún R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), gbọ́n lórí èyí. Kì í jẹ́ kí òṣùwọ̀n máa lọ sókè bí èlé orí èlé. Ìlànà ìṣirò agbára karùn-ún (power 5) ló ń lò, èyí tí kì í yára gòkè bí èlé orí èlé, ó sì ń gé ìyípadà tó ti wà tẹ́lẹ̀ kù bí ó bá ṣe ń jìnnà sí i: ìdá 25, ìdá 50, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún márùn-ún márùn-ún tó tẹ̀ lé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ àkọsílẹ̀ ọdún 15 ó kéré tán, kò sì fi ọkàn tán ìsọ̀rí tí aláìsàn rẹ̀ kò tó 10.

Kí ẹ tó gba pé òṣùwọ̀n ń gòkè, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní rẹ́jísítírì náà. Ọ̀pọ̀ nínú tiwa ló bẹ̀rẹ̀ tàbí tó jí padà lẹ́yìn tí wọ́n dá ètò rẹ́jísítírì gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 2009. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ méjì sí i tó ń lọ sí yàrá ìtọ́jú àti láàbù, aláìsàn á “pọ̀” lọ́dún yẹn. Bí dókítà bá daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á “dín kù”. Ẹ yọ 2020 kúrò nínú ohun tí ẹ fi ń wá ìyípadà, nítorí Kòrónà.

Èsì 4: Àtẹ_Ikú

Lórí ikú: ẹ má ṣe lo iye òkú ilé ìwòsàn. Àìmọye ló ń kú sílé tí a sì ń sin láìsí ìwé ẹ̀rí kankan. Láti inú aláìsàn tuntun ni ẹ ó ti ṣírò rẹ̀, nípa ìpín ikú sí aláìsàn. Fún gbogbo jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà ní 2022, ikú 79,542 sí aláìsàn 127,763 jẹ́ 0.62, ẹnu ilé ọmọ jẹ́ 0.52. Ẹ má mú 0.62 fún ohun gbogbo, irú jẹjẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ yà á sí ọjọ́ orí náà, nítorí ìpín náà ń ga lára àgbàlagbà, àgbàlagbà ló sì ń pọ̀ bọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìpín náà dúró títí di 2040, ẹ ti sọ pé ìtọ́jú kò ní yí padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ńkọ́? Oṣù kẹwàá 2023 ló bẹ̀rẹ̀, fún ọmọbìnrin 9 sí 14. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn á jẹ́ 31 ní 2040, jẹjẹrẹ yìí sì wọ́pọ̀ lára ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dín iye kù. Àyẹ̀wò ló lè yí i kí 2040 tó dé, àyẹ̀wò sì máa ń kọ́kọ́ mú kí aláìsàn tí a rí pọ̀ sí i ni.

Olùṣàyẹ̀wò_Iye

Ẹ ṣeun gan-an. Rẹ́jísítírì tí mo lè rí gbà ní ọdún 8 péré. Ṣé Nordpred á gbà á?

Ìdí_Iye

Kò ní gbà á, ẹ má sì fipá mú un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n tí kò yí, kí ẹ ṣe mẹ́ta: kí òṣùwọ̀n fi ìdá 0, ìdá 1 àti ìdá 2 gòkè lọ́dún, kí ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀, kí ẹ sì kọ iye dé ọgọ́rùn-ún tó sún mọ́ ọn jù. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ti GLOBOCAN, ẹ kọ́kọ́ ṣírò 2022 fúnra rẹ̀: bí jẹjẹrẹ ọyàn kò bá jáde ní nǹkan bí 32,000, ìsọ̀rí kan ti ṣí nínú àtẹ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti 2040 wé ohun tí Cancer Tomorrow, irinṣẹ́ àfojúbù orí ayélujára ti IARC, bá fún yín nígbà tí ẹ bá fi ìyípadà ọdọọdún rẹ̀ sí 0.