Tíráńsífọ́mà kan, ilé púpọ̀: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ṣàgámù fẹ́ kí gbogbo wa jọ dín iná tí à ń lò kù. Tíráńsífọ́mà kan ṣoṣo la jọ ń pín, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, iná á di bàìbàì.

Ti gílóòbù rọrùn: ti àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ṣe, gílóòbù LED ti ìgbàlódé bíi wáàtì 9 á sì tàn tó o. A lè fowó ẹgbẹ́ rà á lọ́pọ̀. Ẹ̀rọ omi náà lè máa fa omi lọ́sàn-án dípò ìrọ̀lẹ́.

Àwọn tí kò ní mítà ló le. Bíìlì tí ilé-iṣẹ́ iná kàn fojú dá ni wọ́n ń san, bí wọ́n bá tiẹ̀ dín iná kù, owó wọn lè má dín. Kí ni ká sọ tí wọ́n á fi máa pa ẹ̀rọ amúlétutù? (Bàbá kan tiẹ̀ ní òun ti sanwó, kò sẹ́ni tó lè ní kí òun pa á!)

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìpẹ̀rù tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe mú àwọn tí kò ní mítà wọ̀ ọ́? Ṣé ayálégbé náà dá owó gílóòbù, àbí onílé nìkan?