Owó tó ń tẹ̀lé AC tuntun wọlé

Ìyálé ilé, Alágbàká
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. AC họ́ọ̀sì kan àbọ̀ ni, ó ń lo gáàsì R22, oníṣẹ́ ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, ti kú. Ṣé ká tún un ṣe ni àbí ká ra tuntun? Bó bá jẹ́ tuntun, kí ni gbogbo ohun tí owó máa bá lọ?

Oníṣẹ́ AC, Òkè-Àró
Mà, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo kàpásítọ̀. Nǹkan roboto bí agolo kékeré ni, òun ló ń ran kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra. 30 sí 35 microfarad (òṣùwọ̀n agbára rẹ̀) ló sábà máa ń wà lára AC irú tiyín. Bí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí mítà bá fi hàn pé agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á kàn máa kùn, kò ní ṣiṣẹ́. Owó kékeré ló ń gbà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Bí kàpásítọ̀ bá dáa, kó yọ wáyà mẹ́ta tó wà lórí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kó fi mítà wo ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n ní méjì méjì: C (àjùmọ̀lò), S (ti ìgbéra) àti R (ti ìsáré). Ohun tó bá kà láàárín S sí R gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ C sí S àti C sí R. Bí C ò bá dáhùn rárá, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣì gbóná, kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń já iná bó bá ti gbóná jù, tó sì ń padà bọ̀ sípò bó bá tutù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ń sọ pé ó kú, ooru ló ń mú un.

Bó bá jóná lóòótọ́, ẹ má náwó sí i mọ́. Àdéhùn Montreal, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo òsónì ojú ọ̀run, ti fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní gbèdéke 2030 láti jáwọ́ nínú R22. Ẹni tó bá ní òun á rọ R410A, gáàsì mìíràn tí AC ń lò, sínú ẹ̀rọ kan náà, ẹ dá a dúró: prẹ́ṣọ̀ R410A fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ju ti R22 lọ, òróró wọn ò sì bára mu.

Olùtajà, Ọjà Ọba
Mà, bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ iye tí wọ́n pe ẹ̀rọ náà géérégé, owó AC ò tíì pé. Ẹ ya bí ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún páìpù, wáyà, irin ìgbékọ́, stabilizer àti owó iṣẹ́. Páìpù inú páálí kì í sábà ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹ fi okùn wọn ibi tó máa gbà kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá ń ra àfikún, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀. Bàbà gidi pupa dénú, èyí tó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Yàrá ẹsẹ̀ 12 ní 12, họ́ọ̀sì kan tó o. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń lù ú, tàbí tí kò sí síìlìǹ lábẹ́ páànù, ẹ sún un sí kan àbọ̀. Èyí tó tóbi jù náà níyà tirẹ̀: ó máa ń tètè dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin inú yàrá tán, bẹ́ẹ̀dì á sì máa tutù rin.

AC ínfátà ni èyí tó máa ń dín eré kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kù bí yàrá bá ti tutù. Èyí tí kì í ṣe ínfátà, họ́ọ̀sì kan àbọ̀, ń jẹ iná bíi kilowatt kan lé díẹ̀ bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń sáré. Bó bá fi wákàtí márùn-ún sáré lóru, yúníìtì márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ 200 náírà, ó ti lé ní 1,000 náírà lóru kan. Ibẹ̀ ni ínfátà ti ń dá owó rẹ̀ padà, bí iná bá wà dáadáa ládùúgbò yín. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ sí iná, ẹ ra èyí tó rọrùn.

Oníwáyà
Kí wáyà rẹ̀ ti inú bọ́ọ̀dù wá tààrà, 2.5 mm, pẹ̀lú bíréékà 16 tàbí 20 amp. Ẹ má fà á láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yan stabilizer tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó gbé iná sílẹ̀, torí bí iná bá lọ tó tún dé lójijì, prẹ́ṣọ̀ inú páìpù ò tíì bára dọ́gba, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fẹ́ gbéra kò ní lè gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré oní-650 watt ò lè gbé e, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Oníṣẹ́ AC, Òkè-Àró
Òótọ́ lẹ sọ. Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ fáàkúùmù, ìyẹn fífi pọ́ọ̀ǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde nínú páìpù, torí ibẹ̀ ni AC tuntun ti ń kú. Àwọn kan máa ń ṣí gáàsì díẹ̀ kó lè ti afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, wọ́n á ní ó ti tán. Afẹ́fẹ́ lè lọ, ọ̀rinrin ò lọ, pàápàá lásìkò òjò. Ọ̀rinrin á wọ inú òróró, á di ásíìdì, á máa jẹ wáyà inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀: ṣé ó ní pọ́ọ̀ǹpù? Kó fà á fún bí ìṣẹ́jú 30, kó ti fáàfù, kó sì wo géèjì fún ìṣẹ́jú 15. Bí abẹ́rẹ́ bá gbéra, ó ń jò níbì kan. Ẹnu páìpù tí wọ́n fẹ̀ ló máa ń fà á jù: wọn ò ha etí rẹ̀ kó dán, tàbí wọ́n fi sípánà kan ṣoṣo fún nọ́ọ̀tì títí tí páìpù fi lọ́.

Ẹ̀rọ ìta náà, ẹ má tì í mọ́ inú àgò irin tí atẹ́gùn ò lè gbà jáde.

Ìyálé ilé, Alágbàká
Ẹ ṣeun. Páìpù àtijọ́ tó wà nínú ògiri ńkọ́? Èyí tó kú ńkọ́?

Oníṣẹ́ AC, Òkè-Àró
Ẹ pààrọ̀ páìpù, mà. Òróró R22 ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ògiri ò bá ṣeé fọ́, ẹ gbé tuntun gba ìta, kẹ́ ẹ fi ike bò ó.

Bí gáàsì bá ṣì kù nínú èyí tó kú, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó jóná ò lè fà á pamọ́, ẹ̀rọ tó ń fà á sínú sílíńdà ni kí wọ́n lò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe àwọn oníkọ́ńdẹ́mù. Bàbà inú rẹ̀ lówó lórí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n irin lásán rà á.