Èsì: Fèrèsé kò dì, ọwọ́ rẹ̀ ló dí

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìbéèrè àwọn tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà dá a lábàá pé, bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, kí á máa kọ ọ́ pé "fèrèsé dì" (fèrèsé ni ojú ètò tó ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà). Wọ́n tún ní kí á pe "thread", ìyẹn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ inú ètò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní òwú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, fi Tkinter, irinṣẹ́ rẹ̀ fún fèrèsé, ṣe fèrèsé kékeré tó ń ṣírò máàkì. Ó tẹ "Ṣírò". Bọ́tìnnì náà rì wọlé, kò jáde mọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ti hang o." Kò pẹ́ tí ìṣirò náà parí, ló bá tún bẹ̀rẹ̀, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo títẹ̀ tí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́! Ohun tó dì kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn thread kan, ló ń dá fèrèsé ṣe: òun ló ń ya ojú rẹ̀, òun ló ń gbọ́ títẹ̀, òun náà la tún gbé ìṣirò lé lọ́wọ́. Ẹni tó ń gún uyán tó gbọ́ "àgò onílé o" kò lè ṣílẹ̀kùn àfi tó bá ju ọmọ odó sílẹ̀. Ṣé a ó ní ó dì ni? Ọwọ́ rẹ̀ ló dí. Windows gan-an, bí fèrèsé bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 5 láìyẹ iṣẹ́ tí a fi rán an wò, ohun tó ń kọ sórí rẹ̀ ni pé kò dáhùn.

Ọmọ tó bá gbọ́ "dì" á ní kọ̀ǹpútà òun ti gbó, á máa wá owó RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) kiri. Èyí tó gbọ́ "ọwọ́ dí" á béèrè ẹni tí òun lè gbé iṣẹ́ fún, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdáhùn wà: gbé ìṣirò fún ọwọ́ mìíràn, ìyẹn thread mìíràn, kí ọwọ́ àkọ́kọ́ máa dá àlejò lóhùn, kí òun nìkan sì máa kan ojú fèrèsé. SwingWorker ni wọ́n pe irinṣẹ́ tó ń ṣe èyí nínú Java, èdè ètò mìíràn. Òṣìṣẹ́ ló wà nínú orúkọ náà.

Ìdí òfì ìyá mi tó ń hun kíjìpá ni mo dàgbà sí. Òwú kì í hun ara rẹ̀, ọwọ́ ló ń hun ún. Ohun tó mú mi yan "ọwọ́" fún "thread" nìyẹn.

Àbùkù kan wà níbẹ̀, mo gbà: ẹni tó bá kọ "ètò ọwọ́ púpọ̀" láìfi àmì sí i, ètò owó púpọ̀ la ó kà. Ṣùgbọ́n "di" náà ń fẹ́ àmì.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ibi tí àwọn títẹ̀ náà tò sí títí ọwọ́ fi dilẹ̀. "Ìlà" ti di ti ìlà kóòdù. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, bí ẹ bá to garawa sídìí ẹ̀rọ omi, kí lẹ ń pe títò yẹn?