Àwòṣe ni, kì í ṣe ìwòṣe: èsì mi lórí ojú irin Ewékorò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka gbogbo èsì yín kí n tó dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: mo fi àwòrán ohun tí mo ń kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nílé mi ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ránṣẹ́ síbí. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ni, pẹ̀lú ojú irin àtijọ́ tó gba agbègbè ibẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ ní kékeré, lórí pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Mo pè é ní àwòṣe ojú irin. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìbàdàn ní orúkọ náà kò tọ̀nà, pé "ìwòṣe" ló yẹ kí n kọ, torí pé ìṣe ni, àti pé káfíńtà kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún onímọ̀ èdè. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di gbọ́nmi-si-omi-ò-to.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ìyá ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Bó bá ti ọjà dé tó sì bá abọ́ nílẹ̀, ohun tó máa ń bi wá ni pé, "Àjẹkù ta nìyí?" Mi ò gbọ́ "ìjẹkù" lẹ́nu rẹ̀ rí títí ó fi lọ. A jẹ ẹ́, ó kù, ó di àjẹkù: ó wà nínú abọ́, ó ṣeé tọ́ka sí, eṣinṣin lè bà lé e. Ọmọ tí a gbà tí a sì tọ́, àgbàtọ́ ni. Ẹni tó bá pe "ìgbàtọ́", làálàá àwọn tó tọ́ ọmọ náà ló ń sọ, kì í ṣe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo àlòkù. Ẹ wo àkójọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkójọ, àfikún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfikún. Ì- ń sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe lọ́wọ́. À- olóhùn ìsàlẹ̀ yìí ń sọ ohun tó jókòó sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣe tán. Ohun tó wà lórí pákó mi ti jókòó sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Àìkú, igun òrùlé kan sì tẹ̀. Ìwòṣe kò ní òrùlé.

Kódà "àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe" tí ẹ fi bá mi wí, orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè fún ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀ léra nínú gbólóhùn kan, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi bẹ̀rẹ̀? Àwọn tó dá a sílẹ̀ rí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti sín sórí òwú kan, tó ti wà lọ́rùn. Wọn ò pè é ní ìsínpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún gbé Abẹ́òkúta wa sọ̀kò lù mí. Wọ́n ní níbí gan-an ni Henry Townsend, àlùfáà òyìnbó nì, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, pé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ì-, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé rà lọ́jà, ó ṣeé ká sábẹ́ abíyá. Rárá o. Ìwé ni wọ́n rà, ìwé ni wọ́n ká sábẹ́ abíyá. Ìròyìn ni ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀. Èyí kò ṣòro.

Èyí tó ṣòro, àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní Yorùbá ló mú un wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé kò bú mi kó tó sọ ọ́. Ó ní nínú àgbàtọ́, ọmọ kan náà la gbà, òun náà la tọ́. Nínú àjẹkù, oúnjẹ kan náà la jẹ, òun náà ló kù. Ṣùgbọ́n nínú àwòṣe, Ewékorò ni mo wò, ohun mìíràn ni mo ṣe. Nítorí náà, ta ni àwòṣe? Ṣé Ewékorò ni, àbí tábìlì mi? Mo gbé ìbéèrè yẹn sùn. Mo gbé e lọ sọ́jà pákó. Ohun tó gbà mí ni àwòkọ. Ẹni tó wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sì kọ ọ́ sínú tirẹ̀, ìwé wo là ń pè ní àwòkọ? Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Ohun tí a wò ti kúrò níbẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ìkẹyìn bí ló jẹ́ orúkọ náà. Bí àwòkọ bá dúró, àwòṣe dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ "àwòkọ́ṣe" sí mi. Ẹni mẹ́ta ló ti kọ ọ́. Àwòkọ́ṣe ni ẹni tàbí ohun tí a ń wò, tí a ń kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀, tí a wá ń ṣe bíi tirẹ̀. Ohùn òkè tó wà lórí kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ewékorò gan-an ni àwòkọ́ṣe mi. Tábìlì mi ni àwòṣe rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà.

Ní ti ẹni tó pè é ní "eré ojú irin": ẹni yẹn ò tíì fi ìrọ̀lẹ́ kan gé agolo mílíìkì sí páànù onígelegele fún òrùlé ilé tí kò ga ju ọwọ́ lọ. Ẹlòmíràn ní kí n yí ohùn rẹ̀ padà kó di "ère". Mo mọyì èrò yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ère tí mo mọ̀ ń ní ojú, ó ń ní orí. Ère ìbejì, ère òrìṣà. Ilé-iṣẹ́ kò ní orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí pé ó jọ pé orúkọ nìkan lẹ ń wò. Ojú irin àtijọ́, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, ìbú rẹ̀ láti irin kan sí ìkejì jẹ́ mílímítà 1,067. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà ní Láderin, 1,435 ni tirẹ̀. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, ìbú rẹ̀ jẹ́ 16.5. Bí ẹ bá fẹ́ dín ojú irin tuntun kù sí ìdá 1 nínú 87, ẹ fi 87 pín 1,435, ẹ ó bá 16.5 níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín ti àtijọ́ kù sí ìdá 1 nínú 64, ẹ fi 64 pín 1,067, ẹ ó rí 16.7, tí kò jìnnà sí i rárá. Irin kan náà gbé ojú irin méjèèjì! Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ilé àti ènìyàn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ìdá 1 nínú 64 ni mo mú, nítorí pé ní 1960 tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì, ojú irin tóóró nìkan la ní. Ní ìwọ̀n yẹn, ọkùnrin tó ga ní mítà 1.75 di mílímítà 27, kò ju ìdajì ìka lọ. Mo gbẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan ru àpò sórí.

Ṣùgbọ́n ilé tó bá gùn ní ọgọ́rùn-ún mítà, ní ìwọ̀n kan náà, á gba ju mítà kan àtààbọ̀ lọ lórí pákó. Bí mo bá gbé gbogbo Ewékorò síbẹ̀ bó ṣe gùn gẹ́lẹ́, á jáde lójú fèrèsé. Mo ní láti yan ohun tí ó dúró àti ohun tí ó lọ. Mo dín àwọn ilé kù, mo fa ọ̀fìn tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun sún mọ́ tòsí, mo yọ gbogbo ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù kúrò. Nítorí èyí ni mi ò fi gba "àdàkọ" tí ẹnì kan dábàá. Àdàkọ kò ní àyè fún yíyàn. Bó ṣe wà níbẹ̀ lo máa dà á kọ. Ẹni tó ń ṣe àwòṣe gbọ́dọ̀ wò, kó wò ó pẹ́, kó mọ ohun tí Ewékorò ò lè jẹ́ Ewékorò láìsí i. Wò ló ṣáájú ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìléru ló gbà mí lásìkò jù. Páìpù omi ni mo fi ṣe é, mo fi ìwé dídì wé e, mo fi ọ̀dà tó dà bí ìpẹtà kùn ún. Ìléru sìmẹ́ǹtì kì í nà gbọọrọ sílẹ̀ bí òpó tó ṣubú. Ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Orí tó ga ni òkúta ẹfun lílọ̀ àti amọ̀ ti ń wọlé, ìsàlẹ̀ ni iná wà, gbogbo rẹ̀ sì ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ohun inú rẹ̀ lè máa yí lọ bá iná, níbi tí ooru ti ń tó nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Nítorí náà, igi ìṣáná mẹ́rin tí mo tò léra ló gbé orí kan ró, mẹ́ta ló gbé ìkejì. Igi ìṣáná kan péré ni ìyàtọ̀, àmọ́ nígbà tí mo yọ ọ́ wò, ìléru náà kú mọ́ mi lójú.

Ẹ ò rí i pé "ìléru" ni mo kọ. Ó wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin kí òyìnbó tó dé, mi ò rí ìdí tí a ó fi dá òmíràn. Ẹ̀rọ tó ń lọ ohun tó bá ti ìléru jáde ní ìkẹyìn, ọlọ ni mo pè é. Kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí ìyẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ "rélùwéè" tí àwọn kan ní ká gbé jù nù: bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe láàrin Láfẹ́nwá àti Ìfọ̀. Bó bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ọkọ̀ ilẹ̀" ni. Bó bá ń sọ ti iṣẹ́ àti owó oṣù, "rélùwéè" ni. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ méjì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di akólòlò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti mú mi gidi ni kílínkà, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tó ń ti ìléru jáde, tí wọ́n á wá lọ̀ pọ̀ mọ́ jísọ́ọ̀mù, òkúta rírọ̀ kan, kó tó di sìmẹ́ǹtì. Mo béèrè orúkọ fún un, torí pé mo ti kó òkìtì rẹ̀ sórí pákó, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó kékeré iwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní "ìdàrọ́". Mo kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ìdàrọ́ ni ohun tí alágbẹ̀dẹ ń kó dà nù, kílínkà sì ni ohun tí gbogbo iná yẹn ń jó fún. Lórí ìtumọ̀, mo ṣì dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà kan ni wọ́n fi dá mi lóhùn, "Ṣé ìdàrọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn ni?" Ó ṣeé fọwọ́ kàn. Ó wúwo, ó ń gé ni lọ́wọ́, ì- ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì láti àná, mi ò rí èsì fún un. Bí ẹnikẹ́ni lára yín bá mọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ fi mú ì-, tí wọn ò mú à-, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé. Pátákó kékeré náà ṣì wà láìkọ, ní iwájú òkìtì.