Omi nìkan fún ọjọ́ méje: kí lojú tiyín rí?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹni ọdún 51 ni mí. Ní oṣù Kejìlá, mo yẹ ṣúgà mi wò láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan, ó jẹ́ 118. Dókítà ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tí ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọdún tuntun, tí àwọn tó kù ń ṣínu láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èmi ní omi nìkan ni màá mu fún ọjọ́ méje. Mo ní bí Ọlọ́run ṣe ń gbọ́ àdúrà, kí ikùn náà máa wọlé lọ.

Ọjọ́ kìíní, orí fífọ́. Ọjọ́ kejì ló burú jù: ìyàwó mi ń dín dòdò, mo jáde nílé fún un. Láti ọjọ́ kẹrin, ebi fi mí sílẹ̀, mi ò parọ́. Ẹnu mi wá ń rùn bí asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Tí mo bá sì dìde lójijì, òòyì á kọ́ mi. Lọ́jọ́ keje, ṣúgà mi di 67, kílò 94 ti di 87. Mo jó!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú rèé. Ọjọ́ kejì tí mo ṣínu, mo jẹ abọ́ ìrẹsì kan. Lẹ́yìn wákàtí méjì mo wo ṣúgà: 194! Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti padà sí kílò 91. Ṣé gbogbo ìyà yẹn já sásán ni?

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ kì í lò ju bí ọjọ́ kan lọ. Tó bá tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀rá yẹn di kítóònù. Òun ni ọpọlọ fi ń gbéra, òun náà ló ń rùn lẹ́nu yín. Iṣan á ti kọ ẹ̀yìn sí ṣúgà kí ìwọ̀nba tó kù lè tó ọpọlọ. Ẹ wá da ìrẹsì lé e lórí, iṣan ò tíì ráyè ṣílẹ̀kùn. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan kó tó bọ̀ sípò. Ní ti kílò méje yẹn, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ló ṣe tètè padà.

Ní tèmi, ìṣínu ló ń bà mí lẹ́rù ju ààwẹ̀ lọ. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, lo ọjọ́ 18 lórí òkè àdúrà, omi nìkan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀, àwọn ará ilé ti gún iyán dè wọ́n pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́ran. Wọ́n jẹ ẹ́ yó. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wọn wú, àyà wọn ń lù kìkìkì, wọn ò lè mí délẹ̀. Ilé ní ayé ló ń bá wọn jà. Èmi ni mo fi ipá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Fọ́sífètì inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá, pọtásíọ̀mù náà ń tẹ̀lé e; èròjà tí ọkàn àti iṣan fi ń ṣiṣẹ́ ni méjèèjì. Oúnjẹ ló jí ínsúlínì, èròjà ara tó ń kó ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì; ínsúlínì wá kó ìwọ̀nba èròjà tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn ò wá rí èyí tó máa fi ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ti rí i lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ogun Àgbáyé Kejì: ẹlòmíì la ebi já, oúnjẹ ló wá pa á. Ọjọ́ 11 ni àǹtí mi lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ògì ṣíṣàn, ṣíbí mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀, Òṣogbo

Èmi ò kọjá ọjọ́ mẹ́rin. Lóru ọjọ́ náà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi pọ́n bí ata, aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n ní yúríìkì ásíìdì, ìdọ̀tí ara tó ń mú kí oríkèé wú, ló pọ̀ lẹ́jẹ̀ mi, pé kítóònù ò jẹ́ kí kíndìnrín ráyè lé e jáde.

Tèmi ṣì sàn. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kò bi dókítà léèrè, ó kàn ń gbé e mì lọ. Ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ mi lọ́nà Ìwó, ó ń làágùn, ó ń sọ ìsọkúsọ. Mo rò pé ó mutí ni! Àṣé ṣúgà rẹ̀ ló ti já wálẹ̀; ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí èrò kan gbé dání ló gbà á là.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ló tì mí débẹ̀. Mo gbọ́ pé Yoshinori Ohsumi, ará Japan, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016 torí pé ó tú àṣírí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú àlòkù inú ara rẹ̀ palẹ̀ láti tún un lò, àti pé ebi ló ń tì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún mi pé inú ìwúkàrà ló ti rí i, ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì! Mo lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé wa, mo ń jókòó sinmi lágbede méjì ni. Nígbà tó di oṣù kẹta, irun orí mi ń já. Màmá mi pè mí lórí fídíò, wọ́n ní: “Ọmọ mi, kí ló sọ ẹ́ di arúgbó báyìí?” Èmi tí mò ń wá èwe kiri o.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kàwé. Ìwádìí kan jáde ní 2024: èèyàn 12, omi nìkan, ọjọ́ méje. Kílò 5.7 ni wọ́n fi jò ní ìpíndọ́gba, kókó ọ̀rọ̀ sì ni pé èròjà púrótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà gidi àfi lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Ìwádìí tí wọ́n tiẹ̀ fi wọn bí ara ṣe ń yára gbó tó, èyí tí wọ́n ń pè ní CALERIE ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ti omi rárá. Ọdún méjì ni wọ́n fi dín oúnjẹ kù, bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyára náà sì fi ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nígbà tí wọ́n wo DNA wọn. Ọdún méjì, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò sí orí òkè níbẹ̀.

Alátakò, Adó-Èkìtì

Ẹ má dẹ́rù bani. Mo wo fídíò kan: Angus Barbieri, ará Scotland, lo ọjọ́ 382 láì jẹun, 1965 sí 1966. Kílò 207 ló wà, ó di 82. Ó kú ni?

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Ẹ sọ ọ́ délẹ̀, sà. Àwọn dókítà ní Dundee ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ń fún un ní fítámì àti pọtásíọ̀mù. Àwọn mìíràn tí wọ́n fi ebi tọ́jú ní ìgbà yẹn kú. Wọn ò sí nínú fídíò tí ẹ wò.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Mo ti gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà oṣù mẹ́ta hàn, tí wọ́n ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kà, jẹ́ 6.1 lóṣù Kejìlá, lóṣù Kẹrin ó di 5.9. Dókítà ní ìrìn tí mò ń rìn láti Mọ́kọ́lá dé Sábó nírọ̀lẹ́ àti ẹ̀bà alẹ́ tí mo dín kù ló ṣe é. Èmi ní ààwẹ̀ ni. A ò tíì parí ìjà náà.

Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé mo lè fi mọ́ínmọ́ín ṣínu?

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí ọdún yìí parí ná, ẹ̀gbọ́n.